Ọmọ Bàbá Kan Náà Ni Wọ́n, Kí Ló Dé Tí Ara Wọn Ò Bára Mu?

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù kí fóònù mi tó dún. Àǹtí mi ni, àbúrò màmá mi. Ẹni tó bá mọ̀ wọ́n mọ̀ pé aago mẹ́sàn-án kì í bá wọn lójúfò. Mo yára gbé e, mo ní, “Ẹ káalẹ́ mà, ṣé kò sí o?” Wọn ò tiẹ̀ dáhùn ìkíni. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Ìwọ tó ò ń ka sáyẹ́ǹsì, ṣàlàyé nǹkan kan fún mi. Ṣé ọmọ bàbá kan, ìyá kan, ara wọn lè má bára mu?”

Àkọ́bí wọn, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá, ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, ìyẹn SS. Dókítà ti sọ fún wọn pé ọ̀nà kan wà tí ọmọ náà fi lè bọ́ pátápátá: kí wọ́n gba mùdùnmúdùn inú egungun lára ẹni tí ara rẹ̀ bá tirẹ̀ mu, kí wọ́n fi rọ́pò tirẹ̀. Ọmọ yìí ní àbúrò ọkùnrin mẹ́ta, kò sì sí SS nínú wọn. Gbogbo ilé ti ń dúpẹ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ àti ti òbí méjèèjì, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, èsì sì dé: nínú àwọn àbúrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹnì kan tó bá a mu tán. Ti àbíkẹ́yìn tiẹ̀ burú jù, kò bá a mu rárá.

Ìyẹn nìkan kọ́ ló ń mú Àǹtí mi sunkún lóru ọjọ́ náà. Ẹnì kan nínú ẹbí ọkọ wọn ti gbọ́ èsì yìí, ó sì ti sọ̀rọ̀ sílẹ̀: “Ẹ̀jẹ̀ O ni gbogbo àwọn ọmọ yìí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá bára mu tí ara ò wá bára mu, ẹ lọ wádìí ẹni tó ni ọmọ.”

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé, àmọ́ mo ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Mo ń pe HLA, mo ń pe T cell, mo ń pe haplotype bí ẹni pé mo wà níwájú àwọn olùkọ́ mi. Àǹtí mi dákẹ́, wọ́n ní, “Ó dáa, ọmọ mi, o ṣeun,” wọ́n sì pa fóònù. Àlàyé tó yẹ kí n ti ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo fẹ́ ṣe báyìí. Wọ́n ti gbà mí láyè kí n kọ ọ́.

Ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí irú ara

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ O yẹn, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú. Ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ A, B, AB àti O dá lórí oríṣi ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Mẹ́rin péré ni. Ẹ lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà ọjà Bódìjà, ẹ ó rí ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn tó jẹ́ O tí wọn ò mọ ara wọn rí. Torí náà, pé ọmọ mẹ́rin jẹ́ O kò sọ nǹkan púpọ̀ fún wa.

Ohun tí wọ́n ń wò ṣáájú kí wọ́n tó gba mùdùnmúdùn lára ẹnì kan fún ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè ní HLA. Purotéènì ni. Ó wà lára fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo sẹ́ẹ̀lì inú ara yín: awọ, ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa ni kò fi bẹ́ẹ̀ ní in. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè gba ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí, kí ìsọ̀rí ẹ̀jẹ̀ wọn sáà ti bára mu, àmọ́ tí kò lè fi irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ gba mùdùnmúdùn.

Dókítà ará Faransé kan, Jean Dausset, ló kọ́kọ́ tọ́ka sí ọ̀kan nínú àwọn HLA yìí ní 1958. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn aláìsàn tó ti gba ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà máa ń ní nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tó ń bá sẹ́ẹ̀lì funfun àwọn ẹlòmíràn jà, tí kò sì ń bá tara wọn jà. Ó pe ohun tí wọ́n ń bá jà yẹn ní Mac. Òun la mọ̀ sí HLA-A2 lónìí. Dausset, George Snell àti Baruj Benacerraf jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1980 fún iṣẹ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Àtẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà

Kí wá ni HLA ń ṣe lára wa? Kò kúkú wà níbẹ̀ nítorí àwọn dókítà.

Ẹ fojú inú wo àdúgbò kan tí ilé kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ilé kọ̀ọ̀kan ni sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ọlọ́dẹ ń rìn kiri tọ̀sán-tòru, àmọ́ kò láṣẹ láti wọlé ẹnikẹ́ni. Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé olè ti wọ ilé kan? Òfin àdúgbò náà ni pé kí onílé kọ̀ọ̀kan gbé àtẹ síta, kó sì máa mú díẹ̀díẹ̀ lára gbogbo ohun tó wà nínú ilé rẹ̀ sórí àtẹ náà.

HLA ni àtẹ yẹn. Sẹ́ẹ̀lì ń ṣe purotéènì lójoojúmọ́, ó sì ń gé èyí tó ti gbó tàbí tó ti bàjẹ́ sí wẹ́wẹ́. Á mú lára àwọn ègé náà, á fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí HLA, á gbé e wá síta ara rẹ̀. Ègé náà kéré gan-an: ámínò ásíìdì 8 sí 10 ni, 9 ló sì wọ́pọ̀ jù. Bí sẹ́ẹ̀lì bá wà ní àlàáfíà, ègé purotéènì tirẹ̀ nìkan ló máa wà lórí àtẹ. Bí fáírọ́ọ̀sì bá ti wọlé, tó ń fi ìkòkò onílé se ọbẹ̀ tirẹ̀, ègé purotéènì fáírọ́ọ̀sì náà á bọ́ sórí àtẹ. Olè ṣì wà nínú yàrá, àmọ́ fìlà rẹ̀ ti wà níta.

Ọlọ́dẹ yẹn ni sẹ́ẹ̀lì T. Lára rẹ̀ ni ohun ìdánimọ̀ kan wà tó ń jẹ́ TCR. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ojú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì T kan, irú ojú kan. Ara wa ń ṣe ojú yìí ní oríṣi tí kò lóǹkà, nípa pípa ègé jíìnì pọ̀ bí a ṣe ń pa káàdì pọ̀ ká tó pín in. Nítorí náà, ara ti ṣe ojú tó máa dá àrùn kan mọ̀ sílẹ̀ kí àrùn náà tó dé rárá.

Oríṣi àtẹ méjì ló wà. HLA-A, HLA-B àti HLA-C wà ní fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ilé, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé ni wọ́n sábà máa ń gbé jáde. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó ní CD8, àwọn tó máa ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ti kó àrùn, ló ń yẹ̀ wọ́n wò. HLA-DR, DQ àti DP wà lọ́wọ́ ìwọ̀nba sẹ́ẹ̀lì tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti gbé nǹkan mì láti ìta, kí wọ́n sì fi hàn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T tó ní CD4, àwọn tó ń darí ìjà, ló ń yẹ tiwọn wò.

Ní 1987, Pamela Bjorkman, Jack Strominger, Don Wiley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Harvard fi X-ray ṣàwárí bí HLA-A2 ṣe rí gan-an. Mi ò gbàgbé ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí àwòrán náà ní yunifásítì: pẹpẹ kan nísàlẹ̀, ògiri méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, kòtò gbọọrọ láàárín. Nǹkan kan tiẹ̀ wà nínú kòtò náà tí àwọn onímọ̀ yẹn ò fi síbẹ̀. Àwọn ègé purotéènì ni. Wọ́n ká ọjà mọ́ orí àtẹ.

Ọlọ́dẹ ń wo ọjà, ó sì ń wo àtẹ

Ẹ lè rò pé ègé fáírọ́ọ̀sì nìkan ni sẹ́ẹ̀lì T ń wá kiri. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní 1974, Peter Doherty, dókítà ẹran, àti Rolf Zinkernagel, ará Switzerland, gbé iṣẹ́ kan jáde láti Canberra ní Australia. Wọ́n kó fáírọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ LCMV ran eku, wọ́n sì gba sẹ́ẹ̀lì T lára eku náà. Wọ́n wá kó sẹ́ẹ̀lì T yìí pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì mìíràn tó ti ní fáírọ́ọ̀sì kan náà. Bí sẹ́ẹ̀lì náà bá wá láti ara eku tí àtẹ rẹ̀ jọ ti eku àkọ́kọ́, sẹ́ẹ̀lì T á pa á. Bó bá wá láti ara eku tí àtẹ rẹ̀ yàtọ̀, sẹ́ẹ̀lì T á kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé kò rí nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, fáírọ́ọ̀sì kan náà ló wà nínú méjèèjì. Iṣẹ́ yìí ló gbé ẹ̀bùn Nobel wá fún wọn ní 1996.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì T kì í dá ègé mọ̀ lọ́tọ̀, kì í sì í dá àtẹ mọ̀ lọ́tọ̀. Méjèèjì pa pọ̀ ló ń wò. Ó dà bí ọmọdé tó mọ àkàrà ìyá alákàrà àdúgbò rẹ̀ mọ́ igbá tó ń gbé e. Ẹ gbé àkàrà yẹn kan náà sínú igbá ẹlòmíràn, ọmọ náà á ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀? Lẹ́yìn egungun àyà, lókè ọkàn, ẹ̀yà ara kan wà tó ń jẹ́ thymus. Ibẹ̀ ni ilé ìwé sẹ́ẹ̀lì T. Ìdánwò méjì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Àkọ́kọ́: ṣé o tiẹ̀ ń rí àtẹ ilé wa? Èyí tí kò bá rí i, á kú. Ìkejì: ṣé inú kì í bí ọ jù sí ọjà ilé wa lórí àtẹ ilé wa? Ọ̀pọ̀ jù lọ èyí tó bá fẹ́ bá ara onílé jà, á kú pẹ̀lú. Nínú ọgọ́rùn-ún tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń yege kì í ju nǹkan bíi márùn-ún lọ. Mo mọ̀ pé JAMB le o, àmọ́ kò tíì tó èyí.

Ẹ fi ohun kan sọ́kàn fún mi: àtẹ ilé wa nìkan ni wọ́n fi dán wọn wò. Kò sẹ́ni tó fi àtẹ ará ìta hàn wọ́n rí.

Kí ló dé tí àtẹ fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ká ní àtẹ kan náà ni gbogbo èèyàn ní, Àǹtí mi ì bá ti máa sùn lálẹ́. Àmọ́ àwọn jíìnì HLA wà lára àwọn jíìnì tó ní oríṣi jù lọ lára ènìyàn. Oríṣi tí àwọn onímọ̀ ti kọ sílẹ̀ káàkiri ayé ti ju 30,000 lọ. Inú kòtò tí ègé ń jókòó sí, àti etí rẹ̀, ni ọ̀pọ̀ nínú ìyàtọ̀ yìí wà. Nítorí náà, àtẹ kọ̀ọ̀kan ní irú ọjà tó lè gbé àti irú èyí tí kò lè gbé.

Àìsàn ló fa oríṣiríṣi yìí. Ní 1991, Adrian Hill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde láti Gambia tó fi hàn pé ibà tó le gan-an kì í sábà mú àwọn ọmọdé tó ní HLA-B53 bíi ti àwọn tí kò ní in. B53 wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó sì ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn òyìnbó. HLA-B57 náà ń kó: ó máa ń pẹ́ kí HIV tó ṣe ọ̀pọ̀ àwọn tó ní i léṣe, torí pé ó ń gbé ègé HIV kan síta tí fáírọ́ọ̀sì náà kò lè yí padà láì pa ara rẹ̀ lára.

Bí gbogbo ìlú bá ní àtẹ kan náà, fáírọ́ọ̀sì kan ṣoṣo tó bá mọ bó ṣe máa fi ègé rẹ̀ pa mọ́ á gbá ìlú náà mọ́. Ìka ò dọ́gba. Òun ló jẹ́ kí ọwọ́ lè di nǹkan mú. Àmọ́ ohun tó ń gba ìlú là yìí kan náà ló ń dá Àǹtí mi lóró.

Kí ló dé tó fi ń bínú sí àtẹ tí kò rí rí?

Olùkọ́ kan bi wá ní ìbéèrè yìí rí, gbogbo kíláàsì sì dákẹ́. Ṣé ẹ rántí eku Canberra? Bí sẹ́ẹ̀lì T ò bá rí fáírọ́ọ̀sì lórí àtẹ àjèjì, ṣé kò yẹ kó kàn kọjá lára mùdùnmúdùn tó wá láti ara ẹlòmíràn ni?

Òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀. Kí àrùn kan tó wọ ara wa rí, sẹ́ẹ̀lì T tó lè dá ègé kan pàtó mọ̀ lára àrùn náà lè má ju ẹyọ kan lọ nínú 100,000. Àmọ́ àwọn tó máa gbógun ti HLA ẹlòmíràn lè tó ẹyọ kan, wọ́n sì lè tó mẹ́wàá, nínú ọgọ́rùn-ún péré.

Ìdí àkọ́kọ́ ni ilé ìwé yẹn. Àwọn tó ń bínú sí àtẹ ilé wa ni thymus yọ kúrò. Àwọn tó máa bínú sí àtẹ ará ìta, kò sẹ́ni tó yọ wọ́n, torí kò sẹ́ni tó dán wọn wò. Ìdí kejì ni pé àtẹ àjèjì kì í ṣófo. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ègé tí àtẹ tiwa kò gbé rí ló wà lórí rẹ̀. Àtẹ tó jọ tiwa díẹ̀, pẹ̀lú ọjà tí a ò rí rí: lójú ọlọ́dẹ, ilé tí olè wọ̀ gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ kan tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò fínnífínní. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tó ń jẹ́ Epstein-Barr. Inú itọ́ ló ń gbà ran èèyàn, ó sì ti wọ ara èyí tó pọ̀ jù nínú wa láì jẹ́ ká mọ̀. Lára ẹni tó ní HLA-B8, wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì T kan tí ojú rẹ̀ ń jẹ́ LC13. Ègé Epstein-Barr kan, ámínò ásíìdì mẹ́sàn-án, lórí àtẹ B8 ló mọ̀. Àmọ́ bí sẹ́ẹ̀lì T yìí bá pàdé sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn tó ní HLA-B*44:02, tí kò sí Epstein-Barr nínú rẹ̀ rárá, á dojú ìjà kọ ọ́. Bó bá wá pàdé HLA-B*44:03, kò ní ṣe nǹkan kan.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín 44:02 àti 44:03? Ámínò ásíìdì kan ṣoṣo, èyí tó wà ní ipò 156, nínú purotéènì tó ní bíi 340. Inú kòtò ló tiẹ̀ fara pa mọ́ sí, sẹ́ẹ̀lì T kò lè fọwọ́ kàn án. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń yí irú ègé tó lè jókòó síbẹ̀ padà, àti bí ègé náà ṣe máa jókòó. Ọlọ́dẹ kò rí ìṣó tó wà lábẹ́ ọjà, àmọ́ ó rí i pé ọjà náà fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kò parí sínú láàbù. Ní 1990, àwọn dókítà kọ̀wé nípa aláìsàn kan tí ara rẹ̀ kọ mùdùnmúdùn tí wọ́n fún un. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, ìyàtọ̀ kékeré inú B44 yìí ni sẹ́ẹ̀lì T rẹ̀ rí.

Ti mùdùnmúdùn tún lágbára ju ti kíndìnrín lọ, torí inú mùdùnmúdùn ni àwọn ọlọ́dẹ fúnra wọn ti ń wá. Ìjà lè wá láti ẹ̀gbẹ́ méjì. Ọlọ́dẹ àtijọ́ lè lé àlejò jáde. Ọlọ́dẹ tó bá mùdùnmúdùn tuntun wọlé náà lè rí gbogbo ara aláìsàn bí ilé olè, kó bẹ̀rẹ̀ sí í bá awọ, ìfun àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jà. Ìjà kejì yìí ni wọ́n ń pè ní GVHD, ó sì lè pa èèyàn. Dókítà tó ní “kò bára mu” ò fi ìyẹn bú ẹnikẹ́ni. Ìjà yìí ló ń bẹ̀rù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bàbá

Àwọn jíìnì HLA sún mọ́ ara wọn lórí kúrómósómù kẹfà, wọ́n sì sábà máa ń bá ara wọn lọ láti ọ̀dọ̀ òbí sọ́dọ̀ ọmọ, bí ìdì ẹ̀fọ́ tí a fi okùn kan so. Bàbá ní ìdì méjì, ìyá ní ìdì méjì. Ọmọ kọ̀ọ̀kan máa gba ìdì kan lọ́wọ́ bàbá, ìdì kan lọ́wọ́ ìyá.

Ká pe ti bàbá ní ewúro àti gbúre. Ká pe ti ìyá ní tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà tí ọmọ lè gbà jáde: ewúro àti tẹ̀tẹ̀, ewúro àti ṣọkọ, gbúre àti tẹ̀tẹ̀, gbúre àti ṣọkọ. Bí àkọ́bí bá jẹ́ ewúro àti tẹ̀tẹ̀, àǹfààní tí àbúrò rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti bá a mu tán jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìdá méjì nínú mẹ́rin ni pé kó bá a mu ní ìdajì. Ìdá kan tó kù ni pé kó má bá a mu rárá. Bàbá kan náà, ìyá kan náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti Àǹtí mi. Pé ọmọ kan kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu tán, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni. Fún àbúrò mẹ́ta, ẹ fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta: 27 nínú 64 ni, ìyẹn bí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ kó ọgọ́rùn-ún ilé jọ tí aláìsàn kan àti àbúrò mẹ́ta wà níbẹ̀, nǹkan bí 42 nínú wọn ló máa gba irú èsì tí Àǹtí mi gbà. Ṣé gbogbo ìyá tó wà nínú ilé 42 yẹn ló yan àlè ni?

Mo ní kí wọ́n fi fọ́tò èsì náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo jókòó tì í pẹ̀lú bírò. Àbúrò àkọ́kọ́: ewúro àti ṣọkọ. Èkejì: gbúre àti tẹ̀tẹ̀. Àbíkẹ́yìn, ẹni tí gbogbo ariwo dá lé lórí: gbúre àti ṣọkọ. Lóòótọ́, kò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu rárá. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Ìdì kejì bàbá rẹ̀ ló wà lára rẹ̀, láì yingin. Ọmọ méjì gba ewúro bàbá, ọmọ méjì gba gbúre rẹ̀. Ìwé tí wọ́n fẹ́ fi ba Àǹtí mi lórúkọ jẹ́ gan-an ló ń jẹ́rìí gbè wọ́n.

Bí kò bá sí nílé, ṣé kò sí níta?

Kì í ṣe pé ìtọ́jú yìí ṣàjèjì sí wa. Ní 2011, ilé ìwòsàn UBTH ní Benin City ṣe é fún ọmọ kan tó ní SS. Ọmọ ìyá rẹ̀ ló fún un ní mùdùnmúdùn. Àmọ́ bí kò bá sí ẹni tó bára mu nílé, inú àkójọ orúkọ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ni wọ́n ti ń wá ẹlòmíràn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dun àwa aláwọ̀ dúdú. Ìwádìí kan lórí àkójọ ti Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2014, fi hàn pé àǹfààní tí òyìnbó tó wá láti Yúróòpù ní láti rí ẹni tó bá a mu tán jẹ́ ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti aláwọ̀ dúdú tí orírun rẹ̀ jẹ́ Gúúsù tàbí Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà jẹ́ ìdá 16.

Ìdí méjì ló wà níbẹ̀. Àwọn wa tó ti forúkọ sílẹ̀ kò pọ̀, oríṣi HLA tó wà láàárín àwa ọmọ Áfíríkà sì pọ̀ gan-an, torí Áfíríkà ni ènìyàn ti pẹ́ jù. Ní 2012, Ṣeun Adébìyí, ọmọ Nàìjíríà tí òun fúnra rẹ̀ ti ní àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, ṣe ìdásílẹ̀ àkójọ kan ní Enugu kí àwa náà lè ní tiwa. Orúkọ kọ̀ọ̀kan tó bá wọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ àtẹ kan sí i tí ẹnì kan lè máa wá.

Ọ̀nà kejì ni kí wọ́n lo ẹni tó bára mu ní ìdajì. Gbogbo bàbá àti ìyá ló bá ọmọ wọn mu ní ìdajì, ó kéré tán. Tẹ́lẹ̀, ìjà àwọn ọlọ́dẹ kò jẹ́ kí ọ̀nà yìí ṣeé tọ̀. Àwọn dókítà ní Johns Hopkins, ní Amẹ́ríkà, wá gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀: wọ́n á fún aláìsàn ní mùdùnmúdùn, wọ́n á dúró. Ní ọjọ́ kẹta àti ìkẹrin, wọ́n á fún un ní oògùn cyclophosphamide. Lásìkò yẹn, àwọn sẹ́ẹ̀lì T tí inú ń bí sí àtẹ tuntun ti ń pọ̀ sí i lójijì, sẹ́ẹ̀lì tó bá ń pọ̀ sí i lójijì ni oògùn yìí sì ń pa jù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó máa di ẹ̀jẹ̀ tuntun ní ohun tó ń tú oògùn náà ká, wọ́n á yè é. Ẹni tó bá bínú ni wọ́n mú. Ẹni tó dákẹ́, wọ́n fi í sílẹ̀.

Ọ̀nà yìí ni àwọn dókítà ń bá Àǹtí mi àti ọkọ wọn sọ báyìí. Ó léwu, owó rẹ̀ pọ̀, wọn ò sì tíì pinnu. Mi ò lè sọ fún yín pé ó ti parí sí ayọ̀. Ní báyìí ná, ọmọ náà ń lo oògùn rẹ̀, ó ń mu omi dáadáa, ó sì ń múra ìdánwò.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kejì yẹn ti tán. Mo ya ìdì ẹ̀fọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìwé, mo fi ránṣẹ́. Ọkọ Àǹtí mi tẹ̀ ẹ́ jáde, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó sọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́hùn-ún, ó jókòó tì í, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní ó tiẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ jù mí lọ. Àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò mọ nǹkan kan nípa gbogbo rẹ̀. Gbúre ni wọ́n ń pè é nílé báyìí, ó sì rò pé nítorí pé òun fẹ́ràn ẹ̀fọ́ ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ lọ́la pé ara ọmọ ìyá méjì kò bára mu, ẹ rántí ìdá kan nínú mẹ́rin. Bí ẹnì kan bá sì fẹ́ fi ìwé HLA dá ìyá ọmọ lẹ́jọ́, ẹ ní kó kọ́kọ́ wá ka ewúro, gbúre, tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ fún yín.